Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ sókè mọ́

Ọdún 9 rèé tí mo ti ń gbẹ̀bí nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ òru ló pọ̀ jù nínú tèmi, wákàtí 12 gbáko. Tí mo bá délé láàárọ̀, màá fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí ara gbà pé oorun ló kàn (ẹni tó bá ti wá oorun ọ̀sán rí á mọ̀). Ọkọ mi á kìlọ̀ fọ́mọ: "Má pariwo o, màmá ń sùn."

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, èmi àtọmọ jókòó sílẹ̀, à ń kun àwòrán. Ó fẹ́ kí n bá òun mú péńsùlù pupa. Ó wá fẹnu kan etí mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ sókè?" Ó wo ilẹ̀kùn yàrá mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé ẹ ti jí tán?" Ọmọ ọdún 5! Mo gbá a mọ́ra, n ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Mi ò lè fiṣẹ́ yìí sílẹ̀, mi ò sì fẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé a kì í kúrò ní wọ́ọ̀dù láìfa iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ibùsùn kọ̀ọ̀kan la máa ń dúró tì: ta ló ń rọbí, ìgbà wo la tẹ́tí sí ọkàn ọmọ inú kẹ́yìn, oògùn wo ló kù. Nílé ńkọ́? Èmi àtọkọ mi kàn ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà ni. Ní báyìí, a máa ń jókòó fún ìṣẹ́jú 10 kí n tó jáde: kí lọmọ sọ lónìí, kí ló pa á lẹ́kún, iṣẹ́ àṣetiléwá wo ló kù. Ọmọ fúnra rẹ̀ a máa fi tirẹ̀ kún un. A tún ya oòrùn sára kàlẹ́ńdà fún ọjọ́ tí mo bá wà nílé. Lọ́jọ́ oòrùn, kó pariwo bó ṣe wù ú. Ó tó oṣù 2 kó tó gbà á gbọ́, kó tó máa pè mí látìta.

* * *

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyàwó tèmi ni dókítà. Ọmọ wa pé oṣù 4 nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń fún ọmú sínú ìgò. Èmi ni mò ń kọ ọjọ́ àti aago sára ìgò, torí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 4 lọ nínú fíríìjì, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ níta. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ò jẹ́ kó ráàyè fún un. Ó délé, ọmú le bí òkúta, ara rẹ̀ ń gbóná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ ń mu, òun ń sunkún.

Òru yẹn la jọ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n máa fún un ní ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Wọ́n gbà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ 6 ló ti fi ń fara dà á, tí kò sẹ́ni nínú àwa méjèèjì tó ronú pé a lè béèrè.