Òjìji ìyàwó kò jáde nínú omi Ọ̀ṣun: ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ gbà mí

Ọmọge Oníkámẹ́rà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Láti Sátidé tí mo ti kúrò nínú igbó Ọ̀ṣun, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ìyàwó kan ní òun fẹ́ kí aṣọ òkè òun hàn nínú omi, kó dà bíi pé ìyàwó méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan létí odò, ọ̀kan nínú odò. Mo gba àsansílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Kòrókòró ni mò ń fojú mi rí i nínú omi, títí dórí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú báyìí, ó tán! Ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà tó wà nísàlẹ̀ omi ni mò ń rí. Ìyá ìyàwó wá sọ lójú gbogbo èèyàn pé ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń gba owó oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Owó àjọ tí mo dá fún oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ yìí. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé fóònù mọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé mo ya oníbàárà kan nínú dígí ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ó jáde kedere. Níbi ìsọmọlórúkọ, ojú àwọn àlejò hàn lára àwo irin dídán tí wọ́n fi ń gbé ohun mímu. Ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọláìyá, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ọjà tó wà nínú. Gbogbo fọ́tò mi tún ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣé kí n tà á ni?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n dá owó olówó padà. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì mi, ẹni tó ya ìsọmọlórúkọ ní gbogbo fọ́tò ti pa rẹ́. Títí di òní, n kò ní àwòrán ọjọ́ yẹn, ìyá mi tó gbé wọn lọ́wọ́ sì ti lọ. N kò rí kọ́bọ̀ gbà padà.

Ọmọ Odò
Kí o tó dá kámẹ́rà lẹ́bi, ṣé o bá àwọn tó ń bójú tó igbó sọ̀rọ̀? Ibẹ̀ kì í ṣe sitúdíò. Láti 2005 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé, Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà) àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ ló jìyà kí igi ibẹ̀ má di pákó. Ẹni tó bá wọlé yóò bọ̀wọ̀.

Àbúrò Ayétòrò
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù bà á. Gíláàsì Ọláìyá ńkọ́? Ṣé òrìṣà wà níbẹ̀ náà ni?

Ọmọ Odò
N kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ìwà ni mo ń sọ.

Ọmọge Oníkámẹ́rà
Ẹ ṣeun. Mo gbàṣẹ kí n tó wọlé, mo sì sanwó. N kò ṣe àìbọ̀wọ̀ rárá. Ìyá Ìbejì, owó yẹn ni mo fi san owó ṣọ́ọ̀bù.

Fóònù Ni Tèmi
Tètè dé, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi. Lóṣòó, kí kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi; bí o bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni òjìji ṣe ń mú sí i. Má sì jẹ́ kí kámẹ́rà mú ojú omi (fókọ́ọ̀sì ni mo ń wí). Ojú ìyàwó tó wà nínú omi ni kó mú, nítorí ó jìnnà ju ojú omi lọ. Ewé tó bá léfòó lè má hàn dáadáa, fi í sílẹ̀.

Baba Fíìmù
Nígbà tiwa, fọ́tò 36 ló wà nínú fíìmù kan, owó rẹ̀ kò sì kéré. Mo ti jókòó sétí odò yẹn láti ìdájí títí oòrùn fi yọ, ẹyọ mẹ́ta péré ni mo yà. Ọmọ mi, ibo lo dúró sí? Kí ló sì wà lẹ́nu lẹ́ǹsì rẹ?

Ọmọge Oníkámẹ́rà
Bàbá, ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú ojú èèyàn, mo sì tètè débẹ̀. Orí afárá tó ń mì yẹn ni mo dúró sí, mo ń wo ìyàwó nísàlẹ̀ létí odò.

Baba Fíìmù
N kò bú ọ. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé dígí ń jáde, àwo irin ń jáde, omi àti gíláàsì kò jáde. Kí ló wà lẹ́nu lẹ́ǹsì?

Ọmọge Oníkámẹ́rà
Gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó dúdú díẹ̀ ni, sà. Bí wọ́n ṣe tà á fún mi nìyẹn. Ẹni tó tà á ní n kò gbọdọ̀ yọ ọ́, pé òun ló ń dáàbò bo lẹ́ǹsì. Òrùka rẹ̀ máa ń yí.

Baba Fíìmù
Háà! Ọmọ mi, òun nìyẹn. Fílítà tí wọ́n ń pè ní polarizer ni. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó pa dídán ojú omi. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò lára omi tàbí gíláàsì, púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní ìdùbúlẹ̀, kì í gbọ̀n ní ìdúró. Fílítà yẹn dà bí ọgbà onígi: èyí tó dúró yóò gba àárín igi kọjá, èyí tó dùbúlẹ̀ yóò há. Ìmọ́lẹ̀ ara irin kì í tò bẹ́ẹ̀, irin ni wọ́n sì fi tẹ́ ẹ̀yìn dígí. Ìdí tí dígí fi ń jáde nìyẹn. Ibi tó ti lágbára jù lórí omi ni nǹkan bíi dígíríì 37 sí ojú omi, bóyá ibẹ̀ gan-an ni orí afárá gbé ọ sí. Ó tún ń jẹ ìmọ́lẹ̀, ni fọ́tò rẹ ṣe ń ṣókùnkùn.

Àbúrò Ayétòrò
Kí ló dé tí o kò ti sọ èyí látàárọ̀? A ti ń bá odò jà!

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà
Síbẹ̀, kó dá owó padà.

Ọmọge Oníkámẹ́rà
Ẹ má bínú, n kò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sínú bàsíà dúdú, mo gbé e síwájú fèrèsé. Bí mo ṣe ń yí òrùka náà díẹ̀díẹ̀, fèrèsé inú omi ń ṣá lọ, irin rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà kọ́tìnnì, títí ó fi ku ìdí bàsíà nìkan pẹ̀lú ibi tó ti bó. Mo yí i síwájú sí i, gbogbo rẹ̀ padà wá. Mo yọ fílítà náà kúrò pátápátá, ó tún mọ́lẹ̀ sí i. Omijé bọ́ lójú mi. Bàbá, ṣé kí n sọ ọ́ nù?

Baba Fíìmù
Rárá o! Tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ ya ọjà inú ṣọ́ọ̀bù láti ìta, tàbí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, wàá wá a. Sọ̀kalẹ̀ lórí afárá yẹn náà. Kí o sì sọ fún ìyàwó pé òjìji máa ń dúdú ju ara lọ, omi Ọ̀ṣun sì ti pọ́n, kó má retí dígí.

Ọmọge Oníkámẹ́rà
Mo ti pe ìyàwó. Ìyá rẹ̀ ló gbé e. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo ní n kò ní gba kọ́bọ̀ mọ́ lórí ẹ̀kẹta yìí. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní kí n dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà igbó lọ́jọ́ Sátidé, òun náà yóò wọ aṣọ òkè wá.