Wọ́n ń gé igi nínú igbó ọba: irú ẹ̀rí wo ló máa ń dúró ní kóòtù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ igbó kan tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀ ni mo bá wá. Òru ni ẹ̀rọ ìgégi máa ń dún. Tílẹ̀ bá mọ́, kùkùté tútù tí oje ṣì ń sun lára rẹ̀ la máa ń bá, pẹ̀lú ojú táyà ọkọ̀ akẹ́rù nínú ẹrẹ̀. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ igbó kan, ó ní àwọn á wò ó. Títí di báyìí, pábó! N kò sì lè búra pé kò mọ̀ sí i.

Fóònù mi lè ya fọ́tò kó sì kọ ọjọ́, aago àti ibi tí mo dúró sí. Àmọ́ wọ́n ti hú àwọn pátákó ààlà kan, lọ́yà àwọn tó ń gé igi náà sì lè ní ìta igbó ni wọ́n ti gé e. Ṣé máàpù ìjọba tó fa ààlà náà ni kí n kọ́kọ́ wá? Àwòrán sátẹ́láìtì Landsat wà lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ àmì kan ṣoṣo (píksẹ́lì) lára àwọn tó para pọ̀ di àwòrán náà fẹ̀ tó 30 mítà lórí ilẹ̀, igi kan tó wó kì í sábà hàn níbẹ̀.

Tí igi náà bá sì wà lára àwọn tí CITES, àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1973 lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, dárúkọ ńkọ́? Ṣé kí n kúkú gba ọ̀dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ní kí n lọ kojú wọn o, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi irú ẹjọ́ báyìí sùn rí tí orúkọ yín ò jáde, báwo lẹ ṣe ṣe é?