Ilé fúláàtì mẹ́rin ní Ṣàgámù: ṣé kí n rà á?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà fún títà ní Ṣàgámù, kò jìnnà sí ọsibítù ìkọ́ni yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ (OOU). Fúláàtì mẹ́rin ni, oníyàrá méjì-méjì, mílíọ̀nù 52 ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 ni ayálégbé kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún. Mẹ́ta ló ní ènìyàn, ọ̀kan ṣófo. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fẹ́ kó lé e. Bàbá tó kọ́ ilé náà ti kú, dáwódù rẹ̀ ló ń tà á, ó ní bàbá ti fi ẹnu yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun. Ìwé survey, ìyẹn ìwé ìwọnlẹ̀, wà. Ajẹ́ńtì ń sáré mi pé kí n san àsansílẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàá já a gbà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Mákùn:
Ẹ kú ojúmọ́ mà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tilẹ̀ kún, mílíọ̀nù 2 lọ́dún ni. Ọdún 26 ni kí 52 yẹn tó wọlé padà, ẹ ò sì tíì pààrọ̀ páànù kan. Àdúgbò yẹn dáa lóòótọ́, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn kì í wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, àwọn ọmọléèwé á kẹ́rù wọn lọ. Tèmi ni, n kò ní kọjá 35.

Lọ́yà Rẹ́mọ:
Ìyá wa, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ìwé ìhágún dà? Kí ẹnikẹ́ni sọ pé bàbá fi ẹnu yọ̀ǹda ilé fún òun kò tó nǹkan ní kóòtù. Bí kò bá sí ìwé, ilé náà ti di ti ẹbí nìyẹn, gbogbo ọmọ ló ni ín. Dáwódù ni olórí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá a tà. Bó bá tà á bíi pé tirẹ̀ nìkan ni, títà yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bó bá tilẹ̀ tà á gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn àbúrò lè gbé e lọ sí kóòtù kí adájọ́ sì fagi lé e. Ẹ béèrè Letter of Administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé, tí kóòtù gíga ń fúnni. Ẹ tún mú survey yẹn lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ náà kò bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ṣì ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà. Ìyàwó mélòó ni bàbá ní?

Ìyá Ìbejì:
Méjì, sà. Ọmọ márùn-ún. Ọmọ ìyálé ni ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀.

Lọ́yà Rẹ́mọ:
Ẹ ò rí i! Ẹ ní kí gbogbo wọn jókòó, ọmọ ìyàwó àgbà àti ti kékeré, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fọwọ́ síwèé.

Bíríkìlà Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Ẹ wo síílìnì òkè, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ béèrè ibi tí sọ́kàwéè wà. Ilé tó wà nítòsí ọsibítù, kí ló dé tí fúláàtì kan fi ṣófo?

Àńtí Ṣẹ̀yẹ:
Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn ayálégbé o! Àwọn kan ti san ọdún méjì sílẹ̀ fún onílé àtijọ́. Ẹ óò ra ilé, ẹ ò sì ní rí owó ilé gbà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an. Mo pe dáwódù. Ó ní àwọn àbúrò òun kan wà ní Ìliṣàn, àwọn kan wà l'Ékòó, àyè ìpàdé ẹbí ò sí. Mo wá sọ fún ajẹ́ńtì pé kò sí àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi títí wọ́n á fi jókòó. Inú bí i.

Bíríkìlà Ìkẹ́nnẹ́:
Kó máa bínú. Fúláàtì mẹ́ta kan wà níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, ìwé rẹ̀ pé.

Ìyá Ìbejì:
Èló ni wọ́n ń pè é?