Ara tèmi ti yá, àìsàn ṣì wà lára ibi ọmọ

Ìyá Ìrètí:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá. Ọdún 2021 ni mo lóyún ọmọ mi kejì. Oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ 31 nígbà tí kòrónà mú mi. Kò le rárá: ara mi gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, n ò gbọ́ òórùn nǹkan kan, mo wúkọ́ díẹ̀, ó tán. Mo dúpẹ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí ara mi yá ni mo ṣàkíyèsí pé ọlẹ̀ ò sọ bó ṣe máa ń sọ. Ọmọ tó máa ń ta mí nípàá lóru débi tí n kì í rí oorun sùn, ó kàn ń rọra yí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mu omi tútù, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo ní kílẹ̀ mọ́ ná. Ó ń dùn mí títí dòní pé mo dúró dàárọ̀. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù mọ́ mi níkùn. Agbẹ̀bí wo ìwé tó ń jáde lára ẹ̀rọ náà, kò bá mi sọ nǹkan kan, ó sáré lọ pe dókítà. Láàárín wákàtí kan, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Kílò 1.6 ni ọmọbìnrin mi wọ̀n.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní kòrónà lára. Ìyẹn ló rú mi lójú. Kí ló wá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi? Ibi ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù ló dáhùn. Dókítà ní ibi tó dáa máa ń rọ̀, ó máa ń pupa bíi ẹ̀dọ̀. Tèmi ti le koko, ó ti funfun káàkiri. Ó ní ibi ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bíi gbòǹgbò igi, inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni àwọn ẹ̀ka náà rì sí, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń rí atẹ́gùn àti oúnjẹ gbà. Fáírọ́ọ̀sì náà ti pa awọ tó bo àwọn ẹ̀ka yìí, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sì ti kún àárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ mi ò rọ́nà kọjá mọ́. Èmi ti gbàgbé àìsàn, ibi ṣì ń bá a jà. Ó ní kì í sábà ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ aláboyún tí kòrónà mú ni ibi wọn ò bàjẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń le.

Tíṣà Kékeré:
Ẹ kú ewu mà. Ní tèmi, ibi ò dínà, ṣe ló jẹ́ kí àrùn gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá sára ọmọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló kó o ràn mí, èyí tó máa ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé pọ́n bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Parvovirus B19 ni wọ́n pè é. Oríkèé ara nìkan ló ń ro mí. Àmọ́ àwọn ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ ni fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń bá jà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi sikáànù wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan kan ní orí ọmọ, nítorí tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá ti dín kù, eré rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ 23, omi ti ń gbá jọ sínú ikùn rẹ̀. Wọ́n gba ikùn mi ki abẹ́rẹ́ sínú ìwọ́, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é. Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí.

Mo Ń Kà Á:
Ọmọ tèmi ò yè. Ọ̀sẹ̀ 27. Ibà ti ṣe mí ṣáájú, n ò mọ irú ibà tó jẹ́. Kí n tó lè la ẹnu béèrè, wọ́n ti da ibi nù. Èmi àti ọkọ mi ṣì ń bi ara wa léèrè.

Ìyá Ìrètí:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yin tó bá ṣì wà nínú oyún, tí ibà tàbí ara sísú bá ṣe yín, ẹ sọ fún agbẹ̀bí yín bó tiẹ̀ ti lọ. Bí ọlẹ̀ bá dín bó ṣe ń sọ kù, ẹ má dúró dàárọ̀ bíi tèmi. Ẹ sì lè sọ ọ́ ṣáájú ìbí pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ ibi wò.

Mo gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà nígbà tí mo lóyún àbúrò ọmọbìnrin mi náà. Ọjọ́ tí mo bí i, mo ní kí agbẹ̀bí gbé ibi wá kí n fojú ara mi rí i. Ó rọ̀, ó pupa, ó fẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.