Àwọn àgbà àdúgbò wa ò wá ṣe eré ìdárayá mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Àdúgbò: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ní Ìlọrin níbí la ti dá eré ìdárayá sílẹ̀ fún àwọn tó ti lé ní ẹni 60 ọdún. A yá àga oníke 40, a yá sípíkà, a tún rán fìlà aláwọ̀ kan náà fún gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àga ò tó. Sátidé tó kọjá, èèyàn mẹ́fà péré! Bàbá kan tiẹ̀ ní ká kó owó sípíkà fún òun kóun fi ra ìrẹsì. Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n ni?

Nọ́ọ̀sì Tanke: Aago mélòó lẹ ń bẹ̀rẹ̀? Ta ló ń wọn BP wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀?

Akọ̀wé Àdúgbò: Aago mẹ́wàá. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ló fowó ránṣẹ́, wọ́n fẹ́ kí fọ́tò mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ọmọ Ọ̀fà: Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, síbẹ̀ a ò ní kí àgbà wá jà nínú oòrùn aago mẹ́wàá. Sátidé nìkan ò sì tó. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ló kéré jù, ẹ lè pín in sí 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Kí ẹni tó ń rìn lè sọ̀rọ̀, kó má lè kọrin; ibẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ wà.

Bàbá Alágbàáà: Àgbà tó ń lọ oko, ìdárayá wo ló tún kù fún un? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sì Tanke: Bàbá, àwọn tí ọmọ ti ní kí wọ́n jókòó là ń sọ. "Ẹ má ṣe wàhálà, mà" yẹn ló ń gba agbára lẹ́sẹ̀ wọn. Akọ̀wé, ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri, torí oníke máa ń yọ̀ lórí táìsì. Kí màmá jókòó sí etí àga, kó fa àtẹ́lẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kó tẹ̀ síwájú, kó wá dìde láìfi ọwọ́ ti itan. Tó bá ń padà jókòó, kó rọra, kó má ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kó sinmi, kó tún un ṣe. Tí kò bá lè dìde, ẹ fi tìmùtìmù gbé ìjókòó náà ga.

Akọ̀wé Àdúgbò: Àga wa ò yọ̀ rí. Ìyá kan ló kàn dákú lọ́sẹ̀ kejì, a bu omi sí i lójú, ó dìde. Ṣé torí ìyẹn ni kí gbogbo wọn ṣe sá?

Ọmọ Ọ̀fà: Haa! O ka fìlà fún wa, o ò sọ ti ẹni tó dákú!

Nọ́ọ̀sì Tanke: Ṣé ó ti jẹun? Oògùn wo ló ń lò?

Akọ̀wé Àdúgbò: Ó ti lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà láàárọ̀. Àwa la ní kí wọ́n má jẹun, kára wọn lè fúyẹ́.

Nọ́ọ̀sì Tanke: Ẹ ò rí i! Àwọn oògùn kan, bíi Daonil, máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ bí èèyàn ò tiẹ̀ jẹun, eré ìdárayá á tún jẹ ìyókù. Kí wọ́n mu ẹ̀kọ, kí wọ́n jẹ àkàrà kí wọ́n tó wá. Ẹni tó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn òjijì, ẹ fún un ní mínírà aládùn bí ìdajì ìgò kékeré. Tó bá ti dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. BP tó bá tó 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, kò sí eré lọ́jọ́ náà, ilé ìwòsàn ni.

Alhaja Òkè-Súnà: Ẹ sún eré náà sẹ́yìn ìrun Àsárì. Kí ọkùnrin wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, kí obìnrin wà nínú agboolé. Ìyá wo ló máa na ẹsẹ̀ níwájú àna rẹ̀?

Akọ̀wé Àdúgbò: Mo ti gbọ́, mà. Fọ́tò ńkọ́? Aago márùn-ún, ilẹ̀ á ti fẹ́ máa ṣú.

Alhaja Òkè-Súnà: Ilẹ̀ wo ló ń ṣú láago márùn-ún n'Ílọrin? Lọ kí ìyá yẹn ná.