Páìpù wọ́tà hítà wa ń kán níta, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Jos là ń gbé, ẹ sì mọ bí òtútù ọyẹ́ ṣe máa ń mú níbí, a ò lè ṣe kí á má lo wọ́tà hítà. Lítà 50 ni tiwa, páìpù tín-ín-rín kan ti ara fáàfù rẹ̀ yọ síta, òun ló ń kán tó, tó, tó, pẹ́ńtì ara ògiri ti ń ṣí, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Mo mọ̀ pé omi tó bá ń gbóná máa ń fẹ̀, fáàfù yẹn ló ń tu díẹ̀ sílẹ̀ kí táǹkì má baà bẹ́, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe gbà nígbà tí wọ́n ní ká dí páìpù náà pa. Ṣùgbọ́n tá a bá pa hítà, tómi tutù tán pátápátá, ó ṣì ń kán. Mo ti dín gbígbóná ẹ̀ kù, púlọ́ńbà ti pààrọ̀ fáàfù, pàbó, àfi pé mo kíyè sí i pé ó máa ń pọ̀ sí i tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ dákun, ṣé agbára omi tó ń wọlé ló pọ̀ jù ni, àbí fáàfù tuntun yẹn ni ò dáa? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an ni o.