Wọ́n fi mí sílẹ̀ lórí òkè Galibier, ṣé kí n tún bá wọn lọ ní Sátidé?

Dèjì B'ham
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ máà bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ níbí torí àwọn tá a jọ wá gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Ilẹ̀ Faransé la wà, ní Valloire, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Alps. Àwa mẹ́rin la wá láti Birmingham pé ká wá fi kẹ̀kẹ́ gun àwọn òkè tí wọ́n máa ń gùn nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn. Ẹ̀gbọ́n kan ló kó wa jọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ó wà nínú group yìí. Láti January ló ti ń pariwo "a jọ lọ, a jọ bọ̀". A jọ bọ̀ kẹ̀?

Túsìdé la gun Galibier. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, wàá kọ́kọ́ gun òkè mìíì tó ń jẹ́ Télégraphe láti ìlú Saint-Michel-de-Maurienne, bíi kìlómítà 12, wàá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ wọ Valloire, ìgbà yẹn ni Galibier fúnra ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, kìlómítà 18 mìíì, orí ẹ̀ sì jẹ́ míítà 2,642. Mi ò purọ́, Télégraphe ò ṣe mí ní nǹkankan. Ibi tí wọ́n ń pè ní Plan Lachat lọ̀rọ̀ ti yí, ọ̀nà yẹn kàn dìde dúró bí ògiri ni. Àwọn yòókù ń lọ, ẹ̀gbọ́n wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní "Dèjì, fara balẹ̀ máa bọ̀", ó bá tiẹ̀ lọ. Ó wá ku èmi àtàwọn màlúù tó so agogo mọ́rùn, wọ́n ń wò mí bíi pé mo jẹ wọ́n lówó.

Kẹ̀kẹ́ tí mo háyà náà tún rèé. Mo ti sanwó ọjọ́ márùn-ún kalẹ̀. Eyín gíà tó tóbi jù lẹ́yìn ẹ̀, 28 ni, ó kéré jù, ẹsẹ̀ á wúwo lórí òkè! Bíréèkì ẹ̀, òdì ni wọ́n so ó. Nígbà tí mò ń sọ̀ bọ̀ mo tẹ ọwọ́ òsì, mo rò pé tẹ̀yìn ni, táyà iwájú dúró gbagi, díẹ̀ ló kù kí n fò kọjá irin ẹ̀gbẹ́ títì. Mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin ibẹ̀ kàn ń rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ wọn ńkọ́, gbogbo ẹ̀ wàrà, wàrà, wàrà, mi ò lè jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà, ìhà mi sì ń dùn mí torí àga kẹ̀kẹ́ yẹn ò bá mi mu rárá.

Ìbéèrè mi: báwo ni mo ṣe máa gbowó mi padà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù yìí? Ìkejì, Sátidé ni wọ́n fẹ́ gun òkè Iseran, míítà 2,770 nìyẹn. Ṣé kí n bá wọn lọ kí n fi hàn wọ́n pé èmi náà lẹ́sẹ̀, àbí kí n dá tèmi gùn?

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin
28 lẹ́yìn fún Galibier? Ta ló ṣe ẹ́ báyìí? Tí iwájú bá jẹ́ 34, kí ẹ̀yìn jẹ́ 32 ó kéré tán, 34 ló dáa jù. Ní kí wọ́n pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn àwọn eyín gíà ẹ̀yìn yẹn, fún ẹ, kò lè gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ti bíréèkì, kò sódì o. Bí wọ́n ṣe ń so ó ní Faransé nìyẹn, ọwọ́ òsì ló ń mú táyà iwájú. Àwa tá a wà ní England la yàtọ̀. Ìdí tó fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Torino
Dèjì pẹ̀lẹ́ o. Tìẹ dáa. Èmi tí mo gun òkè Stelvio ní Italy láti ìlú Prato, kọ́nà 48, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé wọ́n ń fi èèyàn ṣẹ̀sín, o ti làágùn o ti fẹ́ kú, o máa rí i pé 30 ló ṣì kù. Ìgbà tí mo dókè tán ni òtútù wá mú mi, oṣù July lóòtọ́ o! Ọkùnrin tó ń ta sọ́séèjì lórí òkè ló fún mi ní ìwé ìròyìn kí n kì í bọ àyà abẹ́ aṣọ kí n tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ mi kú débi tí mi ò lè tẹ bíréèkì mọ́. Jákẹ́ẹ̀tì lo máa mú dání ní Sátidé, fi ti gíà sílẹ̀.

Ìyá Tọ́lá
Kí ló gbé yín débẹ̀ gan-an? Òkè Ìdànrè tí wọ́n kó wa lọ nígbà tí mo wà ní school, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fà lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin wá ń fowó wá ìyà lórí kẹ̀kẹ́. Tí ìhà bá ń dùn ẹ́, fi àbóníkì ra á kó o sùn. Tí ò bá sì sí oúnjẹ, ṣé o ò mú gààrí dání ni?

Mọ́ṣúdì Kẹ̀kẹ́
Ẹ̀gbọ́n ò ṣe nǹkan tó burú. Lórí òkè, kálukú ló ń gun tiẹ̀, ẹ máa wá pàdé lókè. Tó o bá ní kí ẹni tó yára máa bá ẹ rìn, ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà á kú. Iseran yẹn sì ni, òun ló ga jù nínú gbogbo òkè tí wọ́n da ọ̀dà sí ní Alps, ẹ má fojú kéré ẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin
@Mọ́ṣúdì irọ́ ni, òkè Bonette ló ga jù, míítà 2,802. Mo ya fọ́tò níbẹ̀.

Mọ́ṣúdì Kẹ̀kẹ́
Bonette tí wọ́n lọ la ọ̀nà róbótó yí orí òkè ká kí nọ́ńbà lè pọ̀? Ojú òkè tí ọ̀nà ti gbà kọjá gan-an, 2,715 ni. Fọ́tò ẹ ò yí ìyẹn padà.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Dèjì, ìhà wo ló ń dùn ẹ́, ọ̀tún àbí òsì? Láti ìgbà wo? Kí sì ni genotype ẹ?

Dèjì B'ham
@Ẹlẹ́sẹ̀ Irin ẹ ṣé sà, màá ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ England ni mí, ṣé kò yẹ kí wọ́n sọ fún mi nípa bíréèkì náà ni? Ìyẹn nìkan tó kí wọ́n dá owó ọjọ́ kan padà.
@Mọ́ṣúdì ẹ má gbè sẹ́yìn ẹ̀ o. Ẹni tó ní "a jọ bọ̀" ló yẹ kó dúró.
@Ìyá Tọ́lá gààrí wà mà, kò kàn wọlé ni.

Bọ̀dá Tádé
Ó dáa, kí n sọ̀rọ̀. Èmi ni ẹ̀gbọ́n tó ń bú. Dèjì, o ò sọ fún wọn pé mo dúró dè ẹ́ lókè fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogún, nínú atẹ́gùn yẹn, táwọn méjì yòókù ti sọ̀ kalẹ̀ lọ mu kọfí. O ò sọ pé mo padà sọ̀ wá ẹ wá, mo bá ẹ létí ọ̀nà ihò tó gba inú òkè, ibi tó ku kìlómítà kan, o dọ̀bálẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ o fọwọ́ di ìhà mú. Mo ní kí n pe ọkọ̀, o ní rárá, o gbọ́dọ̀ ya fọ́tò níbi bọ́ọ̀dù. O ò sọ fún wọn pé o bì. Ìgò omi kejì tí mo fún ẹ láàárọ̀, o yọ ọ́ o fi sílẹ̀ nínú mọ́tò, o ní ó ń wúwo. Mi ò bá ẹ jà o, ṣùgbọ́n máà fi mí ṣe aláìdáa níwájú àwọn èèyàn.

Ìyá Tọ́lá
Ẹ́ẹ̀n! Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Ẹ dákẹ́ ná gbogbo yín. Dèjì, o ti dá gbogbo èèyàn lóhùn tán, o fo tèmi. Òsì àbí ọ̀tún? Genotype?

Dèjì B'ham
Àǹtí, òsì ni, lábẹ́ egungun ìhà. Ó ti dín kù, ìgbà tí mo bá mí kanlẹ̀ nìkan ló ń gún mi, ó sì ń mú èjìká òsì díẹ̀ lálẹ́. AS ni mí, ṣùgbọ́n AS kì í ṣe àìsàn, kò ṣe mí ní nǹkankan rí láti kékeré, bọ́ọ̀lù ni mo fi dàgbà.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Mo ti rò ó. Fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe Sátidé nìkan o, má gun àga ẹ̀ mọ́ rárá nínú ìrìn àjò yìí. Lórí òkè báyẹn oxygen tí èèyàn ń rí mí ò tó ti ìsàlẹ̀, o wá ṣe wàhálà fún wákàtí tó pọ̀ láìmu omi, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè rọ́ bíi ti SS nírú ipò bẹ́ẹ̀, spleen tó wà lábẹ́ ìhà òsì yẹn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò ní débẹ̀ mọ́, apá kan ẹ̀ lè kú. Mi ò lè fi fóònù sọ pé ohun tó ṣe ẹ́ nìyẹn, ìdí tí mo fi ní kó o lọ ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra ibẹ̀, Ìyá Tọ́lá ẹ jọ̀ọ́ mà, kò sí àbóníkì.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin
Àǹtí Nọ́ọ̀sì ẹ máà dẹ́rù bà á. Èmi náà AS, mo ti gun Galibier ẹ̀ẹ̀mejì, mo gun Izoard, mo gun Bonette tí Mọ́ṣúdì ń bá mi jà lé lórí. Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Iṣan ló fà.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Mo dúpẹ́ fún ẹ. Ọ̀pọ̀ AS ló ń gun ún tí nǹkankan kì í ṣe wọ́n, mi ò ní kí AS máà gun òkè. Ìwọ, ṣé o bì? Ṣé ìhà òsì dùn ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tó ń lọ sí èjìká? Kò ṣẹlẹ̀ sí ẹ, nítorí náà jẹ́ kí n bá ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Torino
Dèjì, ní Faransé wọ́n ń pe AS ní trait drépanocytaire. Kọ ọ́ sórí ìwé kó o fún dókítà, torí ó lè má wá sí i lọ́kàn tó ò bá sọ, wọ́n á kàn rò pé inú ló ń run ẹ́. Ilé ìwòsàn wà ní Saint-Jean-de-Maurienne nísàlẹ̀. Tó bá le, pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì nìyẹn.

Dèjì B'ham
Ṣé kí n kọ́kọ́ wò ó di ọ̀la ni? Torí insurance mi, mi ò rò pé mo tíkì kẹ̀kẹ́ gígùn nígbà tí mo ń rà á. Kí wọ́n má lọ gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún yúrò lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Ṣé o ní káàdì GHIC, èyí tí ìjọba UK ń fúnni fún ìtọ́jú ní Europe? Mú un dání. Kó o ní in kó o má ní in, máa lọ. Valloire tó o wà yẹn gan-an ga ju míítà 1,400 lọ, orí òkè lo ṣì ń sùn láti Túsìdé.

Bọ̀dá Tádé
Àǹtí, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó ní òun fẹ́ wẹ̀ ná. Mò ń gbé e lọ báyìí bí ò tilẹ̀ wẹ̀.

Mọ́ṣúdì Kẹ̀kẹ́
Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ẹ fi omi sínú mọ́tò o, ìgò méjèèjì.

Dèjì B'ham
Ẹ kú alẹ́. A ti wà níbí láti aago mẹ́rin. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n tì mí wọnú ẹ̀rọ. Dókítà obìnrin kan wá, ó ń nawọ́ sí fọ́tò, ó ń sọ "la rate, la rate", mo ní owó wo tún ni rate báyìí, Bọ̀dá Tádé náà ò gbọ́ Faransé.

Àbẹ̀kẹ́ Torino
Rate ni spleen, Dèjì. Ibi tí Àǹtí Bísí sọ gan-an ni.

Dèjì B'ham
Hmm. Wọ́n ní mo máa sùn síbí. Wọ́n ti fi omi sí mi lápá, ìrora ti rọlẹ̀. Àǹtí, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Bọ̀dá T sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bàtà kẹ̀kẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù yìí, kẹ̀kẹ́ yẹn wà ní họ́tẹ́ẹ̀lì, mi ò ní gùn ún ní ọ̀la àti Sátidé, ṣé wọn ò ní dá owó ọjọ́ méjì yẹn padà báyìí?